Ihò Kẹta Inú Gìtá

Ràsáàkì káfíńtà ti kan bẹ́ẹ̀dì fún ìdajì ìlú Ṣakí kí Oyèlẹ́yẹ tó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù pé kí ó bá òun ṣe gìtá. Gìtá oníná ni, irú èyí tí àwọn eléré ń so mọ́ ẹ̀rọ kí ó tó dún. Ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láti Ogbóòro ni Oyèlẹ́yẹ, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Inú Ràsáàkì dùn sí iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀dì ti sú u.

Ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé bátànì méjì. Ọ̀kan jẹ́ ìrísí gìtá gan-an, tèjìká tìbàdí. Èkejì ní ihò lọ́tùn-ún àti lósì, kí inú gìtá lè ṣófo, kí ó má baà wúwo lọ́rùn ẹni tí yóò gbé e kọ́. Ó de bátànì mọ́ igi ọ̀gànwó, ó sì tan ẹ̀rọ agbẹ́gi tí àwọn káfíńtà ń pè ní rúta. Òrùka irin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ń tọ etí bátànì lọ, abẹ rẹ̀ ń jẹ igi díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun pákó sì bo gbogbo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n Oyèlẹ́yẹ tún fẹ́ ihò kẹta.

"Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí, ẹ̀gbọ́n, níbi tí yóò ti kan àyà mi bí mo bá gbé e kọ́rùn. Kí ó ní ìdérí. Kí ẹ dá ihò kékeré sí i kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Kí ẹ sì tẹ́ òwú sínú rẹ̀."

Ràsáàkì rò pé wáyà ni yóò wọ ibẹ̀. Ó gé bátànì kẹta, ó gbẹ́ ihò náà, ó sì fi irin gbígbóná jó orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé ibi tí ojú kì í tó ni káfíńtà gidi ń kọ orúkọ sí. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ òwú lé e lórí.

Ọjọ́ tí Oyèlẹ́yẹ wá gbé e, Ràsáàkì bi í pé, "Kí ló fẹ́ wọ inú ibí yìí gan-an?"

Ọmọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó dáhùn. "Ẹ má bi mí, ẹ̀gbọ́n. Bí bàbá mi bá rí i, iná ni wọ́n máa fi sun ún. Inú àpótí aṣọ ni ìyá mi ń bá mi fi í pamọ́ sí."

Àwáwù, ìyàwó Ràsáàkì, gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó dúró títí àlejò fi lọ.

"Bàbá Àdìjátù, igbó ni. Ṣé ẹ ti gbàgbé Jímọ̀ ni?"

Ta ló lè gbàgbé Jímọ̀? Inú àpò èlùbọ́ ni àwọn sójà ti bá igbó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Wọ́n mú òun, wọ́n sì mú télọ̀ tó bá a rán àpò náà. Títí di òní, kò sí èyí tó padà wálé nínú wọn. Ràsáàkì ronú kan orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ihò. Ẹ̀rù bà á.

Ó ti ṣèlérí pé òun yóò bá Oyèlẹ́yẹ dé Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi wáyà sí gìtá náà, kí òun lè gbẹ́ ibi tí kò bá fẹ̀ tó. Ó ki ọ̀bẹ kékeré bọ àpò. Bí ó bá ti rí àyè, yóò ha orúkọ rẹ̀ kúrò.

Kò rí àyè. Oyèlẹ́yẹ ti fi ìṣó oníyìípo dé ìdérí náà pinpin láti ilé. Ní gáréèjì, ó gba àyè méjì nínú ọkọ̀, ó sì gbé gìtá jókòó sórí èkejì.

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dun gìtá ni?" ni awakọ̀ bi í.

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Oyèlẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ra àkàrà, ó jẹ díẹ̀, ó sì fi ọ̀kan há abẹ́ okùn tó fi so gìtá. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun, ó ń gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀. Ràsáàkì rò ó pé ẹrù tí wọ́n ń kẹ́ báyìí, ẹrù ẹ̀wọ̀n ni.

Wọ́n kọjá Tẹ̀dé. Kí wọ́n tó dé Okaka, àwọn sójà ti gbé igi dínà.

Sójà tó wọnú ọkọ̀ jẹ́ Yorùbá, ilà pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé gìtá, ó mì í. Nǹkan kan rọra gbún inú igi náà.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Oyèlẹ́yẹ na ọwọ́ sí gìtá náà.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà," ni Ràsáàkì wí. Ó fẹ́ sọ pé òun kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ihò náà. Ó rí Àwáwù lọ́kàn rẹ̀, tó gbé Àdìjátù pọ̀n, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i níwájú èrò," ni Oyèlẹ́yẹ bẹ̀ ẹ́. Omijé ti gba ojú rẹ̀.

Sójà náà fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ràsáàkì di ojú, ó ń ka àdúrà lábẹ́ ètè. Ìdérí kúrò. Ó retí ariwo, kò gbọ́ ọ, ó sì la ojú.

Ère ìbejì kékeré kan ni ó dùbúlẹ̀ sínú òwú náà, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, osùn lára, tí wọ́n ti ń fi omi wẹ̀ láti ọdún pípẹ́ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Sójà náà ṣí fìlà, ó rọra dá ìdérí padà, ó sì bi Oyèlẹ́yẹ pé, "Ta ni Táyé nínú ẹ̀yin méjèèjì?"