Eruku Ara Ṣòkòtò Iṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú ilé tó ti gbó.

1. Káfíńtà kan wà tọ́wọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ etí rẹ̀ kì í gba ìmọ̀ràn. "Mo ti mọ̀" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀, làwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ra ilé àtòpọ̀ àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ti ṣe ògiri rẹ̀ níléeṣẹ́, tí wọ́n kàn fi ọkọ̀ kó wá so pọ̀. Inú ìyàwó dùn, ó ń jó láti yàrá dé yàrá. Ọkọ ní òun máa wó ògiri àárín kí pálọ̀ lè fẹ̀.

2. Lọ́jọ́ tí ìyàwó lọ ra òwú, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́ ìró ayùn, ó sáré wọlé.

"Ọmọ mi, dúró! Èmi náà ti bá wọn to irú ilé yìí rí. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nínú páálí líle aláwọ̀ eérú yẹn. Eruku rẹ̀ ń pààyàn! Pe àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ."

Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé eruku ló máa wá pa káfíńtà?"

"Èyí kì í ṣe eruku igi o."

"Mo ti mọ̀, bàbá. Ẹ lọ sinmi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rẹ́ páálí. Ní ìrọ̀lẹ́, á wọlé bí ẹni tó yí nínú ìyẹ̀fun. Aránṣọ á gba ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n pàpàpà, á sì fọ̀ ọ́. "Ẹ ti funfun bí arúgbó!" Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

3. Pálọ̀ fẹ̀, ó sì rẹwà. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni. Àfi lọ́jọ́ kan tí èémí há aránṣọ láyà lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n fa omi kúrò láyà rẹ̀, omi tún kún.

4. Dókítà gbé àwòrán àyà rẹ̀ síwájú wọn.

"Màmá, ṣé ẹ ti bá wọn ṣiṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì rí?"

"Èmi? Aṣọ ni mò ń rán látìgbà ọmọge."

"Ṣé ẹ fọ aṣọ ẹni tó ń gé e?"

Aránṣọ nàka sí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó rẹ́ páálí kò húkọ́ rí! Ẹni tó gbọn ṣòkòtò ni jẹjẹrẹ mú, lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí oògùn tó lè lé e lọ.

"Yéè!" Mo-ti-mọ̀ ń lu àyà ara rẹ̀. "Bàbá yẹn kìlọ̀ fún mi! Ó kìlọ̀ fún mi!"

Aránṣọ yíjú sí i wẹ́rẹ́. "Bàbá wo? Kí ló sọ? Olówó orí mi, ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Oṣù méje lẹ́yìn náà, wọ́n sin aránṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún ilé àtijọ́ ṣe, ẹ má fi ayùn kan ohun tẹ́ ò mọ̀. Tí páálí àtijọ́ bá wà níbi tó wà láìfọ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ délé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.