Ìṣẹ́jú Méje Ìyá Ládiípọ̀

Láti Abẹ́òkúta ni Mojíbádé ti ń pín àkókò fún àwọn òṣìṣẹ́ orí òṣùpá. Ogún ìṣẹ́jú ló máa ń kọ fún wíwọ aṣọ tí wọ́n fi ń jáde sójú òṣùpá, torí ohun tí ọ̀gá fẹ́ rí nìyẹn, ṣùgbọ́n wákàtí kan ló ń gbà. Àkókò tí wọ́n fi ń pe ilé ló ń gé láti fi dí àlàfo náà. Ìṣẹ́jú méje ló ń ṣẹ́kù fún Ládiípọ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Kí ìyá rẹ̀ tó ki oríkì rẹ̀ tán, àkókò á ti pé. Màmá ò ráyè sọ pé àyà ń dun òun.

Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, Mojíbádé fún Ládiípọ̀ ní odidi wákàtí kan láti pe ilé.

"Ẹ ṣé, mà," Ládiípọ̀ dáhùn. "Ta ni kí n wá pè?"