Okùn Tó Mì Nínú Odò Ọ̀sẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi ìka yí i kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ tín-ín-rín, tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ò kàn yín.

1. Ará Òkèlúsè ni Akínyẹlé. Á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, á wọ ìsàlẹ̀ odò lọ tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa yanrìn ṣe. Ó mọṣẹ́ débi pé "Ẹja" ni wọ́n ń pè é. Ó lọ yẹ ara wò l'Ọ́wọ̀, dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó máa lo oògùn, kó má sì wọ odò títí wọ́n á fi yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Akínyẹlé bú sẹ́rìn-ín! "Ọ̀rá? Èmi tí egungun mi yọ síta yìí? Ẹ lọ wí fáwọn oníkùn ńlá!"

Abigail, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀. "Bàbá Ṣèyí, nítorí ọmọ wa, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ọkàn yẹn wò."

"Tí mo bá parí iṣẹ́ yìí."

2. Wọn kì í wọ odò yẹn láìso okùn mọ́ ìbàdí. Ẹnì kan á dì í mú lókè. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fà á, kíá ni wọ́n á yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, àyà fún Akínyẹlé pinpin lábẹ́ omi, ó fa okùn, wọ́n yọ ọ́. Ṣé ẹ mọ ohun táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ? "Ẹ wá wo Ẹja tó ń sá fómi!" Ojú tì í. Kò sọ fún wọn pé àyà ló ń dun òun.

3. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Yahya tó ń di okùn mú. "Bí okùn bá mì, má dá a lóhùn. Ẹja inú odò ló gbá a. Má tún dójú tì mí."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Okùn mì. Yahya jókòó jẹ́ẹ́. Ó tún mì, díẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe omi.

Abigail wá bá Yahya. Ó wò ó lójú. "Àbúrò, ṣé kò fa okùn ni?"

Yahya bú sẹ́kún. "Yéè, ó fà á! Ó fà á!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í wo sísanra, kì í sì í kanlẹ̀kùn. Ẹ lo oògùn yín. Ẹ má wọ ìsàlẹ̀ omi láìjẹ́ pé dókítà yẹ ọkàn yín wò. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ síta, kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá wù wọ́n. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹni tó bá fa okùn rẹ́rìn-ín. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.