Nọ́ńbà Ti Tán

Atúnkọ̀ǹpútàṣe ki káàdì orin bọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ó tan án, ojú rẹ̀ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: NỌ́ŃBÀ TI TÁN. ṢÉ KÍ N WÁ ÒMÍÌ?

"Nọ́ńbà kí ni?" ni obìnrin tó ni ilé béèrè.

"Màdáàmù, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni kọ̀ǹpútà yìí ní. Káàdì tí kò bá ní tirẹ̀ ò lè já lu iṣẹ́ rẹ̀ láti pè é." Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Orin bẹ̀rẹ̀. Aago ara ògiri dúró.

Wọ́n wojú ara wọn. Atúnkọ̀ǹpútàṣe ki káàdì ìtẹ̀wé bọ̀ ọ́. Bí ìwé ṣe ń jáde wẹ́rẹ́, ikọ́ tó ti ń yọ obìnrin náà lẹ́nu láti oṣù mẹ́ta dáwọ́ dúró.

"Ẹnjiníà, àbí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń gba nọ́ńbà?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ o, màdáàmù."

"Káàdì mélòó ló kù?"

"Ẹyọ kan."

Obìnrin náà sáré wọ yàrá, ó fa ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ìyẹn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì fi í jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Iyọ̀ ọbẹ̀ àná yẹn," ni Màmá ń wí, "mo ti ní kí n sọ ọ́..."

"Ẹ tètè kì í bọ̀ ọ́!" ni ìyàwó sọ.

Káàdì kẹta wọlé, iná rẹ̀ tàn. Màmá ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ó sọ ọ́ títí ó fi tán. Ìyàwó la ẹnu láti fèsì, ó pa á dé, ó tún là á. Ohùn kankan ò jáde.

Màmá fọwọ́ bo àyà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "láti ọjọ́ tí o ti wọlé yìí, òní ni mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ parí."