Ọmọ Ara Ògiri

Lọ́dún tó kọjá, ènìyàn mọ́kànlá péré ló wọ ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ náà níbi ìpàtẹ ọjà ńlá, méjì nínú wọn sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè tọ̀ ni. Ọ̀gá kò gbàgbé. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ọmọdé fi ń kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ọjà tó dára ni, àmọ́ ta ló mọ̀? Ó pe Ayàwòrán sí yàrá rẹ̀. Kò tíì ju ọdún kan lọ tí obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá béèrè iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

"Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló ń wọlé síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta," ni Ọ̀gá wí. "Láti ìlú gbogbo. Tí wọn ò bá dúró wo tiwa lọ́tẹ̀ yìí, màá ti yàrá àwòrán pa, o ò sì ní níṣẹ́ níbí mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Wọ́n á dúró."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró ni, sà."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ya ìsọ̀ náà sórí bébà. Ògiri kan ṣoṣo ló fi ṣe gbogbo ẹ̀, á ga tó ènìyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká. Kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀, kò sí bàlúù, kò sí àwọn ọmọ tó ń sáré kiri nínú koríko. Ojú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ló gba ògiri náà tán. Ọmọ náà ń wo iwájú tààrà, kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ti ṣá, bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ ti já, àpá kékeré kan sì wà lókè ojú òsì.

"Ta lọmọ yìí?" ni Ọ̀gá béèrè nígbà tó rí àwòrán náà.

"Ọmọ mi ni, sà."

"Háà! O bí irú ọmọ yìí, o sì fi pamọ́ fún wa! Àmọ́ kí ló bí i nínú? Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bá a wá bọ́tìnì sí ọrùn aṣọ yẹn, kí o sì pa àpá yẹn rẹ́."

"Ẹ má fọwọ́ kan àpá yẹn!"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. Akọ̀wé Ọ̀gá, tó jókòó ní igun yàrá, gbójú sókè lórí ìwé tó ń kọ. Ayàwòrán mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Tí a bá tún un ṣe, á dà bí ọmọ tó wà nínú gbogbo ìwé ìpolówó. Ta ló máa dúró wo ìyẹn?"

Ọ̀gá gbà pé òótọ́ ni. Ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ojú ọmọ náà: Ẹ WÒ MÍ DÁADÁA. Ìyẹn dùn mọ́ ọn gan-an. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tóbi ju orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ.

"Nọ́ńbà ta nìyí?"

"Tèmi ni, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí fóònù bá dún níbí, kálukú á kàn máa wo ẹnì kejì ẹ̀ ni."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lù ú. "Mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ náà o, kí wọ́n rí i lójúkojú."

"Inú mi á dùn tó bá lè wá, sà."

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó dojú kọ ilẹ̀kùn ìta. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn náà mọ́. Ó ti gbé abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì.

"Ìyá Tíntín, ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

"Gbogbo ẹ̀? Títí dórí ọrùn aṣọ?"

"Gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lókèèrè gan-an á rí i."

Ọkùnrin náà fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ó ṣeun, ó ṣeun," ló ń wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ìsọ̀ náà, Ayàwòrán kò jẹ́ kí káfíńtà sinmi. Kò fẹ́ kí òjìji kankan bọ́ sójú ọmọ náà.

"Ànńtí, ìsọ̀ là ń kọ́, kì í ṣe ààfin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yí iná yìí!"

"Ẹ bá mi yí i lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ jọ̀ọ́."

Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ha bébà kúrò lára ògiri. Òfin ìpàtẹ ni: ohun tí kì í bá ṣe ọjà kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bébà kan tó ní fọ́tò lára nínú òkìtì náà, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, ó ká a sínú àpò.

"Kí lẹ fẹ́ fi pàǹtírí ṣe?" ni káfíńtà béèrè. 

Àwọn ènìyàn dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn òbí ń mú ọmọ wọn dúró sábẹ́ ojú ńlá náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Fóònù Ayàwòrán kò dákẹ́. Kì í jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Ọ̀gá ń fi í han àwọn òṣìṣẹ́ yòókù: "Ẹ rí i? Ẹ wo ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́!"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ ìsọ̀ tó fa èrò jù lọ. Ọ̀gá gbé e sórí, ó jó. Ó ní kò sẹ́ni tó máa ti yàrá àwòrán pa mọ́. Ayàwòrán dúpẹ́, ó sì lọ sẹ́yìn ògiri náà lọ sunkún.

"Ẹkún ayọ̀ ni!" ni Ọ̀gá ń pariwo. "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni!"

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ nígbà tó dé. Ọkọ rẹ̀ ti dìde dúró.

"Ẹni mélòó ló pè?"

"Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Èló là ń ta kọ̀ǹpútà náà."

Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ènìyàn ti wo ojú náà, wọ́n ti ka nọ́ńbà náà, wọ́n ti pè, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun ti rí Tíntín láti ọ̀sán ọjọ́ tó wọ aṣọ ilé-ìwé tí bọ́tìnì rẹ̀ já yẹn jáde lọ ra pẹ́ńsù, oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn.