Ẹni Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní máa ń pe aláìsàn tó bá dákú. Ẹni tó bá dáhùn, ó mọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò dáhùn, kò mọ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí rí.

Lálẹ́ ọjọ́ keje tí wọ́n gbé Bàbá Látúnjí dé ilé ìwòsàn, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá ò mira rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ ara rẹ̀," ni ìyàwó bàbá wí. "Bí ẹ bá kọ ọ́, ọ̀la ni wọ́n á ní ká gbé e lọ sílé lọ kú. Ó ń gbọ́ wa."

"Màámi, ẹni tó bá ń gbọ́ á dáhùn."

"Ẹni tó ń gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ò jáde ńkọ́?"

Ìbídùnní kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá náà bú sẹ́kún, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí ohùn obìnrin kan fi pe Ìbídùnní láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ àgbà ti kìlọ̀ fún un pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí lálẹ́, àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti mú un gbàgbé.

"Mà!" ló dáhùn.

"Ìbídùnní!"

"Mo ń bọ̀, mà!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

"Ìbídùnní!"

Ó figbe ta, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò jáde. Bàbá Látúnjí nìkan ló la ojú, tó ń wò ó. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bírò ń họ ìwé, ohùn tó jọ ti Ìbídùnní gẹ́lẹ́ sì wí pé:

"Kò mọ ara rẹ̀."