Ìwé Tí Pẹpẹ Yàn fún Ìyá Akínwándé

Òfin ò gbà kéèyàn fúnra rẹ̀ yan ìwé mọ́; pẹpẹ ilé ìkàwé ló ń yàn án fúnni. Ìyá Akínwándé tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ pẹpẹ ìwé. Ìwé ìtùnú ló tún já bọ́. Láti ìgbà tó ti di opó, irú rẹ̀ náà ni. Ó yọjú wo ti ọmọge tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìtàn àwọn tó ń dáko nínú òṣùpá. Níbo ni wọ́n ti ń rí òjò?

“Ẹ gba tèmi, mà,” ni ọmọge náà rọra sọ. “Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Tiyín ni mo fẹ́.”

Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.

Nígbà tí ìyá dá ìwé òṣùpá náà padà, pẹpẹ mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àmọ́ kò ju ìwé kankan sílẹ̀; ó ní, “Mà, kí lẹ fẹ́ kà?”

Láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè ohun tó fẹ́.